Ilẹ̀ Pupa, Ilẹ̀ Dúdú: Láti Sakẹ́tẹ́ dé Òkè Pobẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, ọmọkùnrin kan wọ kíláàsì wa pẹ̀lú amọ̀ dúdú ní bàtà rẹ̀ méjèèjì. Amọ̀ náà gùn ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Kí ó tó rí ibi jókòó, ẹnìkan ti kígbe láti ẹ̀yìn pé, «Holli ti dé!» Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí a dúró níwájú pátákó, tí a ń pe ara wa ní olùkọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì, a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò fèsì. Ó jókòó, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

Oorun kò kùn wá dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bú ọmọ yìí, orúkọ àwọn ènìyàn kan ni: àwọn Ọ̀họ̀rí, tí àwọn Faransé kọ sínú ìwé wọn ní Holli. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n bí àwa náà. Bí ará Pobẹ̀ tàbí ará Sakẹ́tẹ́ bá ń lo orúkọ yìí gẹ́gẹ́ bí èébú, ibo ni ó ti kọ́ ọ? A mọ bí a ti í fi ọwọ́ tọ ipa odò Seine lórí àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì bi àwọn ọmọ wa léèrè rí irú erùpẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ bọ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, a ní kí olúkúlùkù wọn bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan wá láti ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, òkìtì méjì wà lórí tábìlì wa. Àwọn tí ó ti ìhà Sakẹ́tẹ́ wá àti àwọn ọmọ ìgboro Pobẹ̀ gbé erùpẹ̀ pupa wá. Àwọn tí ilé wọn wà ní òkè, lọ́nà Ìsàbà àti Onígbólò, gbé dúdú wá. Àwọn ọmọ Tówé ní tiwọn bá ara wọn jiyàn títí lórí orúkọ tí ó yẹ kí a pe àwọ̀ tiwọn, a sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á tán.

Ilẹ̀ pupa ni àwọn Faransé ń pè ní terre de barre. Òun ni ó bo òkè pẹrẹsẹ tí a fi Plateau sọ orúkọ ẹ̀ka ìṣàkóso wa nígbà tí wọ́n yà á kúrò lára Ouémé ní 1999. Òjò a máa tètè wọlé sínú rẹ̀. Ọ̀pẹ fẹ́ràn rẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ náà fẹ́ràn rẹ̀, òun kan náà ni a sì fi ń mọ ilé. Ilẹ̀ dúdú yàtọ̀. Lama ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, ọ̀rọ̀ Potogí tí ó túmọ̀ sí ẹrẹ̀. Ilẹ̀ tí ó rì wọlé ni, ó la gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọjá láti ìwọ̀ oòrùn títí dé ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ rẹ̀ a wú, a sì di ẹsẹ̀ mú bí àtè. Bí ọyẹ́ bá dé, a sán títí ọwọ́ ènìyàn yóò fi lè wọ inú ibi tí ó ti là.

Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò lè ka ìtàn wa. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Yúróòpù, tí wọ́n fa ìlà tí ó fi àwa sí apá kan, tí ó sì fi àwọn ìbátan wa sí apá kejì. Owó orí tẹ̀ lé e ní 1899. Ní 1905, wọ́n pa Cait, aṣojú ìjọba Faransé, ní Sakẹ́tẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: orí ilẹ̀ pupa ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ará ilẹ̀ dúdú nìkan ni olórí kunkun.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa kò ní ibi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí. Láti Àjàṣẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin ti gba Sakẹ́tẹ́ kọjá, ó sì ti dé Pobẹ̀ kí ọdún 1914 tó wọlé, ó ń kó èkùrọ́ àti epo lọ sí etíkun. Pobẹ̀ ni irin náà parí sí. Kò wọ inú ẹrẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, tí ìjọba ń wá owó orí, tí ó ń wá òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́, tí ó sì tún ń wá ọmọkùnrin tí yóò fi ṣe sójà, àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀. Láàárín 1914 sí 1915 ni wọ́n dìde, Ọ̀tútù-bí-òjò sì wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Ẹrẹ̀ ni odi ìlú wọn. Àwọn nìkan ni ó mọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè gbà nígbà òjò. Ìjọba fi ìbọn ṣẹ́gun wọn níkẹyìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ tí ó wà ní òdìkejì ìlà náà, kọ nípa ọ̀tẹ̀ yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1976, a sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka èyí níyànjú pé kí wọ́n wá a kà.

Lẹ́yìn náà ni ọlá ń bọ̀ fún ilẹ̀ pupa. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀, tí ó wà títí di òní pẹ̀lú igbó àtijọ́ tí ó yí i ká. Ẹni tí ó ní ibùdó ọkọ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tí kò ní gẹ́gẹ́ bí ará oko. Èébú náà dàgbà láti ibẹ̀, ní tiwa. Ọkọ̀ ojú irin ti dákẹ́ lónìí. Títì ọ̀dà ti la ẹrẹ̀ kọjá dé Kétu, òkúta ẹfun Onígbólò sì ti di sìmẹ́ńtì. Èébú nìkan ni kò tíì dákẹ́.

A sọ gbogbo èyí fún wọn fún wákàtí méjì, òkìtì méjèèjì sì wà níwájú wa. Nígbà tí a parí, a pe ọmọkùnrin náà jáde, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Alábàáṣiṣẹ́ wa kan sọ lẹ́yìn náà pé olùkọ́ kì í bẹ ọmọdé, pé a ti ba nǹkan jẹ́ fún àwọn yòókù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. A kò tíì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà sọ pé bàbá bàbá òun mọ ìtàn ọ̀nà inú ẹrẹ̀, pé àgbà náà ṣì lè tọ́ka sí àwọn kan nínú wọn. A ní kí ó mú wa lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, àwa àti gbogbo kíláàsì. Ó wo bàtà wa, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

«Mùsíè, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ ná.»

Oṣù kejìlá ni a fi àdéhùn sí.