Wàífàì Kò Dé Yàrá Ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ Wàífàì ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ìjọ́sìn ni.

Nígbà tí kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa ní 2020 ni Màámi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ìsìn lórí fóònù. Báyìí tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde mọ́, orí fóònù yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, ní yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Àpáta níbí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, bí ìwàásù bá ti ń dùn bọ̀, àwòrán á dúró gbagidi, nǹkan róbótó kan á wá máa yí lójú fóònù. Tí a bá délé, wọ́n á bi mí pé, "Kí ni Pásítọ̀ fi parí ọ̀rọ̀?" Èmi á ní, "Màámi, ẹ má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Mo fi owó kún dátà, kò yí padà. Mo wá ń bú àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri.

Àbíkẹ́yìn mi ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Dádì, níbo lẹ gbé ráútà sí gan-an?" Yàrá mi ló wà, nílẹ̀, ní kọ̀rọ̀, láàárín wọ́dúróòbù àti àpótí irin. Mo fi pamọ́ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà fi dátà mi wo fídíò ni.

Ṣé ẹ rí i, ìrìn méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń rìn kó tó dé ọwọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni láti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì níta wá sínú ráútà tó ń lo síìmù. Èkejì ni láti inú ráútà dé inú fóònù. Ẹ mú fóònù dúró ti ráútà. Bí ó bá ń fà níbẹ̀ náà, ìta ni ìṣòro wà. Ẹ gbé ráútà sún mọ́ fèrèsé, kí ẹ dán fèrèsé kọ̀ọ̀kan wò. Bí ó bá yá níbẹ̀ tó wá ń fà ní yàrá ẹ̀yìn, inú ilé ni wàhálà wà, dátà kò sì lè wò ó sàn.

Ògiri búlọ́ọ̀kù ń dí Wàífàì lọ́wọ́; irin, dígí ńlá àti omi inú dúrọ́ọ̀mù náà ń dí i. Gbogbo àyíká ló sì ń fọ́n ká sí. Bí ẹ bá gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé, púpọ̀ nínú rẹ̀ á máa lọ sójú títì. Àárín ilé ló yẹ ẹ́, lókè. Bí ráútà yín bá ní 2.4 GHz àti 5 GHz, 5 ló yá jù nítòsí, ṣùgbọ́n 2.4 ló ń la ògiri kọjá jù. Òun ni kí ẹni yàrá ẹ̀yìn lò. Bí ilé bá tóbi tí ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gba Wàífàì tó ń tún un fọ́n síwájú, ẹ má gbé e sínú yàrá tí Wàífàì kò dé. Agbedeméjì ni kó wà. Ohun tí òun náà kò rí gbà, kò lè fún ẹlòmíràn.

Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Pákó kan àti ìṣó méjì ni mo náwó lé lórí. A gbé ráútà sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màámi ò béèrè ohun tí Pásítọ̀ sọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àṣé àdúrà ìparí yín máa ń gùn tó báyìí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi, èmi tí mo gbé e pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Jésù ti bá wa sọ̀rọ̀ fìtílà abẹ́ òṣùwọ̀n, mo sì ti ṣàmín sí i láìmọye ìgbà.

Ẹ̀yin ará, ta ló wà ní yàrá ẹ̀yìn nílé tiyín? Kí ẹ tó tún fi owó kún dátà, ẹ lọ jókòó tì wọ́n níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn.