Irúgbìn Ilé ní Gawon Nama

Nígbà tí a gba ìsinmi ní iṣẹ́ rélùwéè, Sókótó ni a lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tí ń gbé Gawon Nama. Ojú irin kò dé Sókótó. Kaura Namoda ni ó parí sí láti 1929. Nítorí náà akọ̀wé rélùwéè wọ mọ́tò bí gbogbo ènìyàn.

Gawo ni àwọn Haúsá ń pe igi kan tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Àsìkò òjò ni ó ń wọ́wé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí igi yòókù gbẹ, tirẹ̀ ni ó ń tutù yọ̀yọ̀, tí ewúrẹ́ sì ń ṣa èso rẹ̀ jẹ. Nama sì ni ẹran.

Ìṣòro kan ni a bá nílé. Ìyá wa àgbà, tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ, kò jẹun dáadáa mọ́. Ewédú ni wọ́n ń béèrè. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ìyàwó ilé wa kan fi irúgbìn ewédú ránṣẹ́ láti ilé. A gbìn ín, kò hù. A kọ lẹ́tà sí i pé irúgbìn tí ó ti kú ni ó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ẹbí, wọn kò sì fèsì sí lẹ́tà wa mọ́.

A wá òmíràn lọ sí ọjà. Ìyá Haúsá kan tí ń ta irúgbìn bi wá bóyá a ti fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Ó ní èèpo rẹ̀ le: kí a dì í sínú aṣọ, kí a rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kí a kà dé 10, kí a yọ ọ́, kí a sá a, kí a tó fọ́n ọn. A wá ìyókù tí ó wà nínú agolo láti èṣí, a ṣe bí ó ti wí. Ní ọjọ́ kẹrin ó hù!

Ìyá náà tún fi yé wa pé làlò ni àwọn ń pe ewédú. Yakuwa ni ìṣápá, kubewa ni ilá, shuwaka ni ewúro, ẹ̀ka ni a sì ń gé gbìn ní tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Tiwa yí padà: ohun tí a ń kọ lẹ́tà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọjà Sókótó ni ó wà. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ lọ́jà lè béèrè ní NIHORT, ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975.

Ní ti ẹran, ewúrẹ́ pupa Sókótó dára púpọ̀. Awọ rẹ̀ ni a ń gbé la aṣálẹ̀ já láyé àtijọ́, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní awọ Morocco. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kánjú fi ránṣẹ́ sílé fún ọ̀sìn. A fi òbúkọ kan ránṣẹ́ rí. Kò lo òjò kan já. Ọ̀rinrin àti àrùn tí eṣinṣin igbó ń gbé kiri kò bá a lára mu. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni ó lè fara dà á. Ẹni tí ń gbé òkè ọ̀hún ni kí ó sìn ín.

Ìyá wa ti ń jẹun, a dúpẹ́. Ìyàwó ilé wa, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, irúgbìn rẹ kò kú. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n gbìn. Jọ̀wọ́ dárí jì wá. A ti di irúgbìn tuntun pọ̀ fún ọ. A tún bá ìdílé bàbá télọ̀ wa ní Gawon Nama yọ̀ fún ìbejì wọn. Ọlọ́run yóò wò wọ́n. Àṣẹ.