Aago 4 Ìrọ̀lẹ́ ní Otigba

Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ti lù, ooru ṣì ń ru sókè láti ilẹ̀ òpópónà Otigba ní Computer Village, Ìkẹjà. Ohùn àwọn ọmọkùnrin tó ń pe oníbàárà kò tíì há: "Àǹtí, fóònù ni àbí láptọ́ọ̀pù? Ẹ wá síbí!" Ilé gbígbé ló kún àdúgbò yìí tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀ ọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ní báyìí, abẹ́ àtẹ̀gùn pàápàá ti di ṣọ́ọ̀bù.

Lábẹ́ agboòrùn ńlá kan, ìyá kan gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kalẹ̀ síwájú ọkùnrin kan tó ń tún un ṣe. Tíṣà ni ìyá yìí, ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ ló wà nínú ẹ̀rọ náà.

"Ọmọ mi, tó bá wù ú á tàn, tí kò bá wù ú kò ní í tàn."

Ọkùnrin náà kò tú ìdè kankan. Ìbéèrè ló ń bi ìyá, ohun tó sì jẹ́ kí n dúró wò ó nìyẹn. "Mà, àárọ̀ ni àbí alẹ́? Ṣé fáànù ẹ̀ máa ń yí tí ojú ẹ̀ bá ṣú?"

Àárọ̀ ni. Iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tàn, fáànù á yí, ojú rẹ̀ á ṣú dùdù. Tí ìyá bá pa á, tó tún tẹ̀ ẹ́ léraléra, á jàjà tàn, kò sì ní í yọnu mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: aago inú rẹ̀ máa ń padà sí ọdún àtijọ́.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ó tàn kíá. Àìsàn tó ń ṣeni nílé ló máa ń sá pamọ́ níwájú oníṣègùn.

Ó kọ́kọ́ da ìbéèrè ìdánwò sórí fúláàṣì fún ìyá. Lẹ́yìn náà ló pa ẹ̀rọ, ó yọ ṣájà àti bátìrì ńlá, ó sì tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tó ṣẹ́ kù nínú bọ́ọ̀dù lè gbẹ. Ó wá tú ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ róbótó, CR2032, tó ń tọ́jú aago, yẹ kó ní fólítì 3. Míítà ka 2.1. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti sin iléeṣẹ́ kan nílùú òyìnbó fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó wọkọ̀ òkun; ọ̀hún ni bátìrì yìí ti ń darúgbó bọ̀. Eyín ọ̀kan nínú àwọn ráàmù rẹ̀ náà ti ṣú díẹ̀.

"Ọ̀gá," ni ọmọṣẹ́ rẹ̀ wí, "ẹ jẹ́ ká kúkú pààrọ̀ àti bátìrì àti ráàmù."

"Tó bá wá tàn, èwo la máa sọ pé ó ń dà á láàmú? Ṣé kí màmá sanwó ohun tí kò bàjẹ́ ni?"

Mo fẹ́ kí gbogbo ọjà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Nǹkan mìíràn tún lè fa irú àìsàn yìí. Ẹ̀rọ tó ń ṣòjòjò nínú òtútù, tí ara rẹ̀ ń yá bó bá ti gbóná, lè jẹ́ pé sọ́dà tó so irin kan mọ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló sán: òtútù á sún irin kì, ojú sísán á là, ooru á mú un fẹ̀, á tún pàdé. Àwọn oníṣẹ́ kan kì í wádìí. Wọ́n á ti fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á tàn lójú oníbàárà, owó á wọlé. Kò ní í pẹ́ tí ẹ̀rọ náà á kú pátápátá, olówó rẹ̀ á sì gbà pé òun ló ṣorí burúkú. Ìwà ìkà ni.

Ọkùnrin yìí fi bátìrì tuntun sí i, ó dè é padà. Ó tàn.

"Ó ti tàn, kí n máa gbé e lọ."

"Mà, ṣebí ó máa ń tàn fún yín nílé náà. Ẹ jẹ́ kó sùn síbí kó tutù. Tí mo bá dé láàárọ̀, mi ò ní í tan nǹkan kan kí n tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣú, ráàmù ló kàn: màá yọ ọ̀kan, màá dán ìkejì wò. Owó bátìrì nìkan lẹ máa san lónìí. Ẹ fi ṣájà yín sílẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó nílé ni mo fẹ́ lò ó."

Ìyá mú ṣájà jáde nínú báàgì. Ọmọṣẹ́ lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Bátìrì nìkan la pààrọ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ kan ráàmù."