Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ààrò

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Kùmásì, mo rí i pé òwe náà bá ẹni tí ó fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì tà nínú ilé rẹ̀ wí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní kọ́lẹ́jì yìí, ìbáà ṣe ará Gáná, ará Nàìjíríà, ará Tógò tàbí ará Bẹ̀nẹ̀, ni ó ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ tà. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀.

Inú agbo ilé ńlá kan ni àǹtí mi yìí ń gbé, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Kùmásì, tí àwọn yàrá yí àgbàlá kan ṣoṣo ká, tí àwọn ayálégbé sì jọ ń lò ó. Búrẹ́dì oníṣúgà tí àwọn ará Gáná fẹ́ràn púpọ̀ ni ó ń ṣe. Paanoo ni àwọn Àkán ń pe búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Potogí. Fún ọdún méjì ni àǹtí mi fi dá èsúsú, èyí tí wọ́n ń pè ní susu níbẹ̀. Owó tí ó kó sì tó fún ọ̀kan nínú ohun méjì: yálà kí ó ra ààrò gáàsì ńlá, tàbí kí ó tún yàrá tí ó fi ṣe ilé ìdáná ṣe, kí ó sì ra ààrò kékeré. Ààrò ńlá ni ọkàn rẹ̀ fà sí.

Ó wí fún mi pé, “Ọmọ mi, a lè gbé ààrò sínú ọkọ̀. Ta ni í gbé ògiri?”

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ó fi Gáná sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Yorùbá, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀fà, Ìlọrin àti ìlú mìíràn, ni ó palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ìyá ìyá mi wà nínú wọn. Ó pọn àǹtí mi sẹ́yìn, ó sì ru ìwọ̀nba ohun tí orí rẹ̀ lè gbà. Ṣọ́ọ̀bù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi símẹ́ńtì rẹ́ kò ṣe é rù. Nígbà tí àǹtí mi dàgbà tí ó sì padà sí Kùmásì, ó ti pinnu pé òun kò ní náwó sí ara ilé onílé.

N kò bá a jiyàn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sì ń ka ìrìn rẹ̀. Inú yàrá tí ó ń sùn ni ìyẹ̀fun wà, omi wà ní ìdí ẹ̀rọ ní àgbàlá, tábìlì wà ní igun kan, ààrò àtijọ́ sì wà ní igun kejì. Orí àpò ìyẹ̀fun ni búrẹ́dì gbígbóná ti ń tutù. Kí ìyẹ̀fun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó di búrẹ́dì, ó ti la àgbàlá kọjá nígbà mọ́kànlá.

Mo wá sọ ìtàn obìnrin ará Austria kan fún un, Margarete Schütte-Lihotzky, tí ó ya àwòrán ilé ìdáná kan ní ìlú Frankfurt ní Jámánì ní 1926, fún ilé àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Ilé ìdáná náà kò ju bí mítà 1.9 sí mítà 3.4 lọ, ṣùgbọ́n ó ti ro ìṣísẹ̀ alásè àti àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà kí ó tó mọ ibi tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan yóò wà. Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mélòó wá ni tèmi?” Mo ní, “Mọ́kànlá ni, Àǹtí, fún àgbàlá nìkan.” Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, a fi ṣọ́ọ̀kì ya ilẹ̀ yàrá náà. A fẹ́ kí ìyẹ̀fun gba apá kan wọlé, kí búrẹ́dì sì gba apá kejì jáde, kí èyí tí ó jinná má ṣe padà kan èyí tí kò tí ì jinná. Ìyẹ̀fun ni ó ṣáájú, lórí pákó tí ó gbé e kúrò nílẹ̀ tí kò sì kan ògiri, nítorí ọ̀rinrin àti kòkòrò. Tábìlì tí a ó ti máa pò ó ni ó tẹ̀ lé e. Tábìlì yìí kò gbọdọ̀ ga jù: bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ bá sọ apá sílẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè tẹ́ sórí rẹ̀, kí ó lè fi ìwúwo ara rẹ̀ pò ó. Lẹ́yìn èyí ni ibi tí ìyẹ̀fun pípò yóò ti wú, nítòsí ààrò kí ó lè rí ìwọ̀nba ooru. Nígbà ọyẹ́, aṣọ tútù ni a ó fi bò ó kí ojú rẹ̀ má bàa sán. Pẹpẹ onírin ni ó kẹ́yìn, níbi tí búrẹ́dì yóò ti tutù dáadáa kí a tó fi ọ̀rá wé e, nítorí èyí tí a bá wé ní gbígbóná yóò làágùn, yóò sì hùkasì kíákíá.

Ti gáàsì ni ó gba ìrònú jù, nítorí àwọn ará ilé yòókù ń dáná èédú ní àgbàlá. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ; bí ó bá jò, ìsàlẹ̀ ni í tẹ́ sí. Nítorí náà ẹ̀yìn ilé, níbi tí iná kò sí, ni a gbé sìlíńdà sí. A lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, a fi àwọ̀n irin dí i nítorí eku, a sì la fèrèsé kan sókè kí ooru lè jáde.

Ihò, fèrèsé àti símẹ́ńtì ilẹ̀ nìkan ni a ná owó lé lára ilé. Àǹtí mi lọ bá onílé, onílé sì gbà láti yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó ilé tí ń bọ̀. Tábìlì àti pẹpẹ ṣe é tú palẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ Suame Magazine ni ó fi irin pẹlẹbẹ ṣe ààrò kékeré náà, ọkùnrin méjì sì lè gbé e.

Kí n tó kúrò ní Kùmásì, àǹtí mi kò la àgbàlá kọjá mọ́ àfi láti pọn omi. Ó ń parí iṣẹ́ kí oòrùn tó yọ, agbára sì kù fún un láti kiri. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó fi ọwọ́ kan fèrèsé tuntun náà, ó ní, “Bí wọ́n bá tún ní kí n máa lọ, èyí yóò kù síhìn-ín.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní, “Ṣùgbọ́n mo ti mọ bí a ti í ṣe òmíràn.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ó di olùkọ́ láìpẹ́, àwọn ènìyàn wa yóò sì máa bi wá léèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n rà. Kí a tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan fún wọn, ẹ jẹ́ kí a jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn fún òwúrọ̀ kan, kí a ka ìrìn wọn.