Òru Inú Àwòrán Ilé

Ọ̀dà dúdú kọ́ la fi ń ya òru. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, láyé tí a ṣì ń fi T-square àti pẹ́ńsù ya ilé. Bó o bá kun ojú ọ̀run ní dúdú kirikiri, ilé á rì sínú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ là ń yà tí a ń pè ní òru: ìgbà díẹ̀ yẹn tí oòrùn ti wọ̀, tí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró, tí iná sì ti tàn nínú ilé.

Ẹni tó bá ti wo àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ wa á yé e kíá. Ibi tí wọn ò bá fẹ́ kí aró dé lára aṣọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń dí i kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Àwa náà, yẹ́lò la kọ́kọ́ ń kùn sórí páálí. Tó bá gbẹ, a ó fi gọ́ọ̀mù bo ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ìyẹn la ó wá máa kun búlúù lé e léraléra. Ọjọ́ tí a bá ṣí gọ́ọ̀mù náà niná ń tàn. Kì í ṣe gbogbo fèrèsé là ń tàn o: ilé tí gbogbo yàrá rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà kò ní èèyàn nínú. Títì iwájú ilé wá ńkọ́? A máa ń jẹ́ kó tutù bíi pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí iná lè ríbi fẹsẹ̀ lé. Ọgbọ́n ọjà ni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni yíya òru ti bẹ̀rẹ̀. Ní New York, Hugh Ferriss, tí wọ́n bí ní 1889, gbayì nídìí yíya ilé lóru. Èédú ló ń lò, rọ́bà ìparẹ́ ló sì fi ń yọ ìmọ́lẹ̀ jáde. Ìwé rẹ̀, The Metropolis of Tomorrow, jáde ní 1929, nígbà tó ku ọdún kan kí Abẹ́òkúta pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, tí ìlú wa di olú-ìlú, ọ́fíìsì ìjọba àti báńkì nílò àwòrán tí wọ́n máa gbé sórí pátákó. Àmọ́ àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ràn òru jù. Níbi tí NEPA, iléeṣẹ́ iná ọba ìgbà náà, ti ń múná lọ nígbà tó bá wù ú, ilé tó ń tàn látòkè délẹ̀ nínú àwòrán ti sọ fún èrò pé jẹnẹrétọ̀ wà. Àtùpà ni mo fi ya púpọ̀ nínú wọn.

Oníbàárà kan ní kí n yọ àwọn òrùlé páànù onípẹtà tó yí ilé òun ká kúrò. Mi ò yọ wọ́n. Ìpẹtà yẹn léèyàn ń rí lọ súà láti orí àpáta Olúmọ, òun ni ìlú. Mo kàn jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bò wọ́n, ọkùnrin náà sì sanwó.

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya ilé wá dé: SketchUp ní 2000, Lumion ní 2010. Ọmọ tó jáde ní MAPOLY, ilé-ẹ̀kọ́ pólì ìlú wa, lónìí á ti tan gbogbo iná ilé kí n tó po ọ̀dà tán, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta sára ògiri jù mí lọ. Èmi náà ń lò ó. Tí àwọn ọmọ náà bá gbé iṣẹ́ wá kí n bá wọn wò ó, yàrá tó yẹ kó ṣókùnkùn ni mo máa ń wá. N kì í rí i. Mo ní kí wọ́n pa iná méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n á pa á. Oníhòtẹ́ẹ̀lì á ní kí wọ́n tún un tàn, ó ṣe tán, òun ló lówó.