Ohùn Bàbá Nínú Kásẹ́ẹ̀tì: Ìrìnàjò sí Sítúdíò Kan ní Kétu

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́, tí ó kọjá Sàkétẹ́ àti Pọ́bẹ̀, yóò mọ̀ pé òun ti ń súnmọ́ Kétu nígbà tí àwọn èrò inú ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn ní ẹ̀ka èdè ibẹ̀. Ìlú ọba ni. Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́, ṣì dúró níbẹ̀. Ní ọdún 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dahomey fọ́ ìlú náà, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú, ọdún díẹ̀ sì kọjá kí Kétu tó tún gbérí. Ṣùgbọ́n orin kò parun. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001, tí ó sì wọ inú ìwé àjogúnbá ayé ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò.

Kì í ṣe ibodè ni mo wá wò ní tèmi. Yàrá kékeré kan ni, lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ di sítúdíò. Kò tóbi ju ìsọ̀ aránṣọ lọ. Fóòmù ibùsùn àtijọ́ ni ó fi bo ògiri kí ariwo zémijan má baà wọlé. Kọ̀ǹpútà kan, máíkì kan àti ohun ìgbọ́hùn tí a ń dé sétí ni gbogbo ohun èlò ibẹ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí ajórinmọ́rin tí ó múlé tì í bá ń ṣiṣẹ́, kò ṣeé ṣe láti gba ohùn sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó máa ń tún èyí tí ó ti wà nílẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ tí mo dé, kásẹ́ẹ̀tì kan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdílé olórin Ẹ̀fẹ̀ kan ni ó gbé e wá. Bàbá àgbà wọn ti lọ; orin alẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní ohùn rẹ̀ sí, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ogún ọdún ni ilé sì yàn láti kọ́ orin náà. Ìṣòro méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, bátìrì ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba ohùn náà ń kú lọ ní òru ọjọ́ yẹn. Bí bátìrì bá ń kú, ẹ̀rọ a máa fa téèpù lọ́ra. Bí a bá wá fi ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ pé gbọ́ ọ, ohùn á sáré, á sì lọ sókè. Bí orin náà ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni bàbá arúgbó ń di ọmọdé. Èkejì, kódà níbi tí ohùn ti dára, ọ̀rọ̀ náà yá ju ohun tí etí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú lọ: ìbà, òwe, èébú tí a fi ẹ̀rín bò, orúkọ àwọn ẹni àná, gbogbo rẹ̀ ń ya lu ara wọn bí àgbàrá òjò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, ẹ jẹ́ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí oògùn kan kò wo àrùn méjèèjì. Lórí Audacity, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, irinṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà: ọ̀kan ń yí ìyára padà, gíga ohùn á sì bá a yí, ọ̀kan ń yí gíga ohùn nìkan, ọ̀kan ń yí tempo nìkan, gíga ohùn á sì dúró síbi tí ó wà. Ti àkọ́kọ́ ni téèpù ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: bí a bá dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdajì, orin ìṣẹ́jú kan á gba méjì, gbogbo ohùn á sì wálẹ̀ ní odindi octave kan.

Ìyára ni oògùn àrùn èkíní. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ ibi tí ohùn bàbá wà gan-an? Agogo tí wọ́n lù ní òru ọjọ́ náà ṣì wà nínú ilé, irin kì í sì í darúgbó bí ènìyàn. Wọ́n gbé e wá, wọ́n ń lù ú, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń dín ìyára kù díẹ̀díẹ̀, apá kan lẹ́yìn òmíràn, títí agogo inú kọ̀ǹpútà fi bá ti ọwọ́ dọ́gba. Opó bàbá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n tún apá ìkẹyìn ṣe tán, ó ní, "Òun nìyẹn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àrùn kejì ni ó gba ọgbọ́n jù: kí a fa àsìkò gùn láìfọwọ́ kan gíga ohùn. Ẹni tí ó mọ aṣọ òfì á tètè lóye rẹ̀. Bí a bá fa aṣọ tí ó ní iṣẹ́ lára, iṣẹ́ náà á wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni téèpù ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìlà tí ó jọra kún ìlà, tí a sì rán etí wọn pọ̀ níbi tí iṣẹ́ ti bá iṣẹ́ mu, aṣọ á gùn, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní yí. Kọ̀ǹpútà ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ó ń tún àwọn kan lò, ó sì ń fi etí èkíní bo etí èkejì níbi tí ìgbì wọn ti jọra.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní Paris, Jacques Poullin ṣe ẹ̀rọ téèpù kan fún Pierre Schaeffer àti àwọn olórin rẹ̀, phonogène universel, tí ó lè yí àsìkò padà láìyí gíga ohùn. Schaeffer yìí kan náà ni ó dá SORAFOM sílẹ̀ ní 1955, iléeṣẹ́ tí ó mójú tó rédíò ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà ní Áfíríkà. Ní 2001, Ableton Live fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lé àwọn tí ń ṣe orin ijó lọ́wọ́.

Àwa tí èdè wa ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ni ó kàn jù. Lóòótọ́, bí a bá rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ bákan náà, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ kò ní ṣì ara wọn: ọkọ́ kò ní di ọkọ̀. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó ń sọnù. Ọ̀fun rẹ̀ á dà bí ti òmìrán, fáwẹ́lì á ṣú, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa méfò.

Ìlù kì í gba ìfàgùn bí ohùn ènìyàn. Bí gígé kọ̀ǹpútà bá bọ́ síbi tí ọ̀pá ti kan awọ, ìró kan á di méjì. Ẹ̀rọ tí ó dára á kọ́kọ́ wá ojú ìlù, á fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, á sì fa àárín nìkan. Síbẹ̀ ó ní ìwọ̀n. Ní ìdá 70 nínú 100 ìyára orin náà, a gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ní ìdá 40, ṣaworo ń hó bí epo gbígbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ kí ohùn bàbá àgbà rẹ̀ wọ inú orin ijó òde òní. Wọ́n fa gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ó lè bọ́ sójú ìlù kọ̀ǹpútà, ó sì dùn. Onílù àgbà kan tí ó wà níbẹ̀ béèrè ìdí tí bàbá kò fi dúró mọ́ kí ó tó dá orúkọ. Níbi ìdákẹ́ yẹn ni àwọn ará ọjà ti ń dáhùn. Kọ̀ǹpútà ti fún un pọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jiyàn. Ó dá ohùn padà sí bí ó ti wà, ó sàmì sí ibi tí bàbá ti gbé ẹsẹ̀ orin, ó sì mú kí ìlù kọ̀ǹpútà máa yára, kí ó máa falẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ní kò yá tó fún ijó. Onílù dáhùn pé ẹni tí ó fẹ́ jó yóò kọ́ bí a ṣe ń dúró.

Ọ̀pọ̀ irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú àpótí ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ àti ní Tógò. Kí téèpù wọn tó bàjẹ́, ẹ dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ní WAV. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀dà àkọ́kọ́. Orí ẹ̀dà mìíràn ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí ẹ sì kọ ìdá tí ẹ yí i sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ orin, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 70, kí ó máa fi márùn-ún márùn-ún gòkè. Nígbà tí mo kúrò ní Kétu, ọmọ náà ti dé ìdá 85.