Feedback Ni Kẹ́ Ẹ Yí Wálẹ̀

Echo dùn, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ẹ̀. Àwa tá a ń fi synthesizer ṣe orin ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ ọ́n dáadáa: olórin fújì lè má tíì kí ará ìlú tán tó fi máa ní kí wọ́n fún òun ní echo sí i.

Delay ló ń gbé echo jáde, feedback ló sì ń pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó. Feedback yìí máa ń dá díẹ̀ nínú ohùn tó ti jáde padà sínú ẹ̀rọ. Tó bá wà ní 50%, ohùn tó padà wá á jẹ́ ìdajì èyí tó ṣáájú ẹ̀, kò sì ní pẹ́ kú. Tó bá dé 100%, kì í kú mọ́. Ká wá ní ó wà ní 110%, tí ohùn sì ń padà lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó ti lè di ìlọ́po 6 ó lé.

Volume lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré yí wálẹ̀. Ohùn yẹn ṣì ń yí po nínú ẹ̀rọ o! Tẹ́ ẹ bá dá volume padà, á bú lé yín létí. Feedback gan-an ni kẹ́ ẹ yí wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá ní sùúrù kó kú. Àwa tún máa ń fi limiter sẹ́yìn delay, kì í ṣe iwájú ẹ̀. A sì máa ń yọ earphone létí ká tó dán nǹkan tuntun wò, torí bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lẹ́yìn fèrèsé, a ti gbé volume sókè jù tẹ́lẹ̀. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà ní wákàtí 8 ni kéèyàn fi gbọ́ ariwo decibel 85 mọ lójúmọ́. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni.

A ò ní kẹ́ ẹ máa sá fún un. King Tubby, tó ń tún rédíò ṣe ní Kingston, ní Jamaica, fi irú echo yìí dá àrà nínú dub. Martin Meissonnier, ọmọ Faransé, náà lo synthesizer àti àrà dub nígbà tó ń bá King Sunny Adé ṣe Juju Music, tó jáde ní 1982. Wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ohùn ru ni, kí wọ́n tó fà á padà. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa wà tí etí òsì ẹ̀ ń hó látọdún tó kọjá. Ó ṣì ń tẹ keyboard lóde àríyá, àmọ́ tá a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, apá ọ̀tún la máa ń bọ́ sí.